Kẹ̀kẹ́ Tí Ọ̀gá Mi Gbé Ró Sábẹ́ Igi Kòkó

Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa ní kí àwa tí a ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ kọ ohun tí ojú wa rí nídìí iṣẹ́, kí àwọn lè fi ronú lórí iṣẹ́ tí àwọn fẹ́ kọ́. Mo kọ́kọ́ sọ pé n kò ní kọ. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mo sì fi ẹsẹ̀ kan tẹ ilé ẹ̀kọ́ girama kí bàbá mi tó ní agbára òun kò gbé e mọ́. Ohun mìíràn ni pé ìtàn iṣẹ́ mi gba àárín ìjà tó ṣẹlẹ̀ nílùú wa kọjá, ẹ̀rù ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì kúrò lára mi. Nítorí náà, n kò ní sọ ẹni tó jà, n kò sì ní sọ ẹni tó jẹ̀bi. Iṣẹ́ mi ni mo fẹ́ sọ, àti kẹ̀kẹ́ kan.

Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mo ń tún ṣe. Mo mọ̀ pé bí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí bá gbọ́ kẹ̀kẹ́, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń kó èrò ni ẹ ń rò. Eléyìí tí mò ń wí, ẹsẹ̀ ẹni tó gùn ún ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

Bàbá mi, bíríkìlà tó ti Ẹdẹ wá ṣiṣẹ́ ní Ifẹ̀, ló mú mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Bùràímọ̀ ní Ìrẹ̀mọ. Ìwó ni àwọn baba Ọ̀gá ti wá, ṣùgbọ́n Ifẹ̀ ni a bí wọn sí. Bí wọ́n bá ń bá àwọn àgbẹ̀ sọ̀rọ̀, èdè Ifẹ̀ gan-an ni wọ́n ń sọ. Àdéhùn wa kò gùn rárá. Bàbá mi kí wọn, Ọ̀gá wo ọwọ́ mi méjèèjì, wọ́n ní kí n máa bọ̀ lọ́la.

Ní ọdún àkọ́kọ́, n kò di nǹkan mìíràn mú ju àkísà lọ. Mò ń fi kẹrosíìnì fọ ọta irin wẹ́wẹ́ tó ń yí nínú àgbá táyà, mo sì ń tò wọ́n sórí aṣọ funfun kí Ọ̀gá lè rí i bí ìdọ̀tí bá ṣẹ́ kù. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n gbé sípánà lé mi lọ́wọ́. Ọ̀gá kì í na ènìyàn. Ohun tí wọ́n ń ṣe dùn mí ju ẹgba lọ: wọ́n á tú iṣẹ́ rẹ palẹ̀ lójú oníbàárà. Ọjọ́ kan wà tí mo fi gbogbo ọ̀sán mú ríìmù kan tọ́. Mo ti ń yọ̀ nínú ara mi. Ọ̀gá yí i lẹ́ẹ̀kan, wọ́n fi èékánná àtàǹpàkò wọn sún mọ́ ọn.

“Súlè, ríìmù yìí ń jó.”

“Díẹ̀ ni, Ọ̀gá.”

“Díẹ̀? Ṣé ìyá rẹ ló fẹ́ gùn ún?”

“Rárá, Ọ̀gá.”

“Bó bá jẹ́ ìyá rẹ ńkọ́?”

Wọ́n mú sípánà, wọ́n sì dẹ gbogbo sípóòkù náà lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ríìmù náà fi rọ̀ bí apẹ̀rẹ̀ tó ti gbó. Wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Oníbàárà jókòó, ó ń jẹ ẹ̀pà, ó ń wò mí.

Ẹ̀rù tún ń bà mí nígbà tí mo bá tún bíréèkì ṣe. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan wà nítòsí ìsọ̀ wa, gọ́tà ńlá sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Òfin Ọ̀gá ni pé ẹni tó bá tún bíréèkì ṣe ni yóò kọ́kọ́ gùn kẹ̀kẹ́ náà sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, kí oníbàárà máa wò ó. Àgbẹ̀ kan láti Òkèrèwè wà tó máa ń wá síbẹ̀, a ń pè é ní Bàbá Ẹ̀rín. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, mo di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà mú pinpin.

Bàbá Ẹ̀rín ké sí Ọ̀gá, “Bùràímọ̀, bí ọmọ yìí bá wọ gọ́tà, kẹ̀kẹ́ mi ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé jáde o!”

“Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá. Bó bá wọ gọ́tà, níbẹ̀ náà ló ti máa tún un ṣe.”

Bíréèkì náà mú. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, n kò di bíréèkì ẹnikẹ́ni kí n má rántí gọ́tà yẹn.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ẹ̀kọ́ wọn ni bí wọ́n ṣe ń wo kẹ̀kẹ́ tó ti dógùn-ún. Àwọn ènìyàn á gbé kẹ̀kẹ́ baba wọn wá láti abà, pupa fòò, wọ́n á sì béèrè bóyá ó ṣì tó ohun tí à ń tún ṣe. Ọ̀gá kì í wo ríìmù rẹ̀, wọn kì í wo ṣéènì rẹ̀, nítorí pé ìyẹn ṣeé pààrọ̀. Fúréèmù nìkan ni wọ́n ń wò. Wọ́n á yọ ìjókòó rẹ̀, wọ́n á dojú rẹ̀ dé, wọ́n á wá fi sípánà kékeré lu irin náà jẹ́jẹ́ láti orí dé ìdí, wọ́n á sì máa fetí sílẹ̀. Ibi tí irin ti pé máa ń dún gbọnrangandan. Ibi tí omi ti jẹ ẹ́ láti inú máa ń dún bí ìgbà tí a bá lu pákó.

“Èyí tó wà lára rẹ̀, sáńpépà á ha á kúrò,” ni wọ́n máa ń sọ fún wa. “Èyí tó wà nínú ni kí ẹ máa wá.”

Bí inú rẹ̀ bá ti jẹ, wọn kì í bá oníkẹ̀kẹ́ ṣe àwàdà. Wọ́n á ní kó gbé e lọ fún alágbẹ̀dẹ. Bó bẹ̀ wọ́n títí, wọn kò ní kun ọ̀dà sí i kí wọ́n sì gbé e fún un.

Òfin kan tún wà láàárín àwa tí a kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fi sípánà kan kẹ̀kẹ́ tí Ọ̀gá fúnra wọn ń gùn. Àwa lè nù ún, a lè fẹ́ táyà rẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì rẹ̀ kan ṣoṣo, ọwọ́ wọn ló gbọ́dọ̀ tú u. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá tiwọn ṣe kọ́ wọn. Bí nǹkan bá ṣe atúnkẹ̀kẹ́ṣe lórí kẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má lè sọ pé ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló tú nǹkan lábẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ tó bá kú ni àwọn ọmọ iṣẹ́ á pé jọ, wọ́n á tú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ palẹ̀, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á tò ó padà, wọ́n á sì fà á lé àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà náà, a máa ń gbọ́ ọ bí ọ̀rọ̀ tí kò kàn wá.

Mo ti gba ìdásílẹ̀ nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n mo ṣì ń bá Ọ̀gá ṣiṣẹ́. A máa ń lọ sí abà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti tún kẹ̀kẹ́ àwọn àgbẹ̀ ṣe. Ìlú ti gbóná, àwọn ènìyàn sì ní ó ti rọlẹ̀. Ìyàwó Ọ̀gá, Ìyá Rábì, dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé wọn ní Ìlódè láàárọ̀ ọjọ́ náà.

“Bàbá Rábì, ẹ má lọ lónìí. Ara mi kò gbà á.”

“Kẹ̀kẹ́ bàbá arúgbó abà yẹn kò ní bíréèkì. Ṣé kí n jẹ́ kó lọ forí sọ igi?”

“Ẹ jẹ́ kó fẹsẹ̀ rìn!”

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, a sì lọ. A tún kẹ̀kẹ́ náà ṣe, a jẹ iṣu sísun, a ń bọ̀ wálé, kẹ̀kẹ́ tiwọn níwájú, tèmi lẹ́yìn. Láàárín oko kòkó, a pàdé obìnrin kan tó ń sáré. Kò sí nǹkan lórí rẹ̀, bàtà kò sí lẹ́sẹ̀ rẹ̀, a kí i, kò dáhùn. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ ìbọn.

Ọ̀gá sọ̀ kalẹ̀. “Súlè, ju kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Bọ́ sínú oko. Ohun yòówù kí o gbọ́, má jáde.”

“Ọ̀gá, ẹ̀yin ńkọ́?”

“Ṣé èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ ni àbí ò ń sá?”

Èyí ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn. Mo sá sí apá kan, Ọ̀gá gba apá kejì, wọ́n sì ń ti kẹ̀kẹ́ wọn lọ láàárín igi. Mo dùbúlẹ̀, mo wa ewé kòkó gbígbẹ bo ara mi. Mo gbọ́ igbe, mo gbọ́ ìbọn, mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Ẹnì kan sún mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rí sálúbàtà ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó dúró, ó tutọ́, ó sì kọjá lọ. Títí di òní, bí mo bá rí irú sálúbàtà bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀ ènìyàn lójú pópó, mo máa ń yà gba ọ̀nà mìíràn.

Mo délé láàyè. Wọ́n ti sun ìsọ̀ wa. Ọ̀gá kò dé.

Nígbà tí nǹkan rọlẹ̀, àwọn ọdẹ lọ wá wọn. Wọn kò rí wọn, wọn kò rí aṣọ wọn, wọn kò rí fìlà wọn. Kẹ̀kẹ́ nìkan ni wọ́n gbé wálé. Èmi wà níbẹ̀ nígbà tí Ìyá Rábì jáde síta, tí wọ́n dojú kọ ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ náà.

“Ṣé nílẹ̀ lẹ bá a ni, àbí ó dúró?”

“Ó dúró, Ìyá. Ó fara ti igi kòkó, wọ́n tilẹ̀ yí ọwọ́ rẹ̀ kó má baà ṣubú.”

Ìyá Rábì mí kanlẹ̀. “Bàbá Rábì ló gbé e ró. Bó bá jẹ́ ikú ló mú wọn, kẹ̀kẹ́ á wà nílẹ̀. Wọ́n gbé e ró torí wọ́n fẹ́ padà wá mú un.”

Wọ́n ní kí n gbé kẹ̀kẹ́ náà sábẹ́ òrùlé lẹ́yìnkùlé. Mo fẹ́ nu ẹrẹ̀ ara rẹ̀. Wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀, pé ẹni tó ni ín á nù ún. Wọ́n mọ òfin ìsọ̀ wa bí èmi náà ṣe mọ̀ ọ́n. Lọ́dọ̀ wọn, bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá fi sípánà kan kẹ̀kẹ́ yẹn, ìtúmọ̀ rẹ̀ ni pé a ti gbà pé Ọ̀gá kú.

Mo ṣí ìsọ̀ tèmi lẹ́yìn náà. Mo ṣiṣẹ́, mo fi bọ́ ìyàwó àti ọmọ. Ṣùgbọ́n ọ̀kadà gba àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́ wa. Kẹ̀kẹ́ tuntun tó ń wọlé kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀: táyà tẹ́ẹ́rẹ́, jíà lẹ́yìn, irin fúyẹ́fúyẹ́ tí kò ṣeé jó pọ̀ bó bá kán. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ló kù tó ń gbé e wá, àti àwọn ọmọ kéékèèké. Mo kọ́ èyí tí mo lè kọ́ lára rẹ̀.

Ohun tó sì lé mi kúrò nídìí iṣẹ́ gan-an, ìró ni. Ní ìsọ̀ atúnkẹ̀kẹ́ṣe, tíúbù á máa bẹ́. Nígbàkigbà tí ọ̀kan bá bẹ́, màá ti wà nílẹ̀ kí n tó mọ̀ pé mo ṣubú. N kò jẹ́ kí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ táyà wọ ìsọ̀ mi; pọ́ǹpù ọwọ́ ni mò ń lò, díẹ̀díẹ̀. Àwọn oníbàárà á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, “Ọ̀gá Súlè, ẹ dìde, táyà ni o! Kò sẹ́ni tó yìnbọn.” Èmi náà á rẹ́rìn-ín, màá gbọn eruku aṣọ mi. Nígbà tó yá, ọwọ́ mi kò dúró lójú kan mọ́, n kò sì lè mú ríìmù tọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Mo ti ilẹ̀kùn ìsọ̀. N kò tíì darúgbó, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó tó.

Bí ẹ bá bi mí bóyá kí ẹ kọ́ iṣẹ́ yìí, n kò lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, torí kò bọ́ ènìyàn mọ́. Ohun tí mo lè sọ ni pé kí ẹ wá ọ̀gá tí yóò tú iṣẹ́ yín palẹ̀ lójú yín. Èmi rí irú rẹ̀, kò sì sí ọjọ́ tí n kì í fẹ́ kí wọ́n tún tú tèmi palẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Lẹ́yìn ọdún Iléyá tó kọjá, Rábì, ọmọ Ọ̀gá, pè mí lórí fóònù. Obìnrin ńlá ni báyìí, olùkọ́ ni. Wọ́n fẹ́ wó ẹ̀yìnkùlé ilé wọn, kí wọ́n kọ́ yàrá tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á máa gbé. Ó ní bíríkìlà ti dé, ẹni tó ń ra irin àlòkù ti dé pẹ̀lú ọmọlanke rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá òun jókòó ti kẹ̀kẹ́, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbé e àfi bí Súlè bá wá wò ó.

Mo kó àwọn sípánà mi sínú àpò, mo lọ. Ìyá Rábì jókòó sórí àpótí, wọ́n fi ìbòrí funfun borí, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ wọn. Kẹ̀kẹ́ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Táyà rẹ̀ ti jẹrà, ìjókòó rẹ̀ ti di irin lásán, gbogbo ara rẹ̀ pọ́n.

Mo dọ̀bálẹ̀. “Ẹ kú ìkàlẹ̀, Ìyá.”

“Súlè. Ojú rẹ rèé. Wò ó fún mi. Bó bá ṣeé tún ṣe, tún un ṣe. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí o sọ ọ́ fún mi ní tòótọ́.”

Rábì dá sí i. “Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n Súlè ha á, kí wọ́n kùn ún. A máa gbé e ró sí pálọ̀, á rẹwà.”

“Ṣé pálọ̀ ni bàbá rẹ ń gùn ún lọ?”

Mo rìn yí kẹ̀kẹ́ náà ká. Mo fi ọwọ́ mi méjèèjì sẹ́yìn bí ọmọ tí wọ́n ní kó má fọwọ́ kan nǹkan. Mo mọ ohun tí wọ́n ń bi mí. Ọ̀rọ̀ ọkọ wọn ni wọ́n ń bi mí.

“Ìyá, wíwò lásán kò lè fi inú rẹ̀ hàn. Mo ní láti tú ìjókòó rẹ̀. Mo ní láti fi sípánà kàn án.”

Bíríkìlà tó ń po iyanrìn dúró. Ìyá Rábì yíjú sí kẹ̀kẹ́ náà. Ẹnu wọn ń mì, bóyá tẹ̀sùbáà ni wọ́n ń ṣe, n kò mọ̀.

“Fi kàn án.”

Sípánà yọ̀ lórí nọ́ọ̀tì náà. Mo rọ epo sí i, mo dúró, mo tún gbìyànjú. Ó han, ó sì tú. Mo yọ irin ìjókòó rẹ̀, mo dojú kẹ̀kẹ́ dé. Eruku pupa dà jáde láti inú rẹ̀, ó ń dà, ó ń dà, ó bò mí lẹ́sẹ̀. Mo fi sípánà kékeré lù ú láti orí. Kò sí ibi kankan tó dún gbọnrangandan. Nígbà tí mo dé ìdí rẹ̀, níbi tí pédàlì wà, mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, àtàǹpàkò mi sì wọlé.

Mo kúnlẹ̀ síwájú wọn.

“Ìyá, inú rẹ̀ ti jẹ tán. Bí mo bá kùn ún, á dára lójú. Ọjọ́ tí ènìyàn bá gùn ún, á kán.”

“Bí Bàbá Rábì bá wọlé nísinsìnyí, tí wọ́n ní kí ẹ gbé kẹ̀kẹ́ àwọn wá, ṣé àwọn fúnra wọn á lè tún un ṣe?”

Rábì ń wò mí. Ojú rẹ̀ ń bẹ̀ mí, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tó ń bẹ̀ mí fún, bóyá kí n purọ́ ni, bóyá kí n má purọ́ ni. Mo ronú nípa Ọ̀gá, àti ohun tí wọ́n ì bá sọ fún oníkẹ̀kẹ́ kan tó jókòó síwájú wọn.

“Rárá, Ìyá. Ọ̀gá fúnra wọn kò ní lè tún un ṣe. Wọ́n á ní kí ẹ gbé e fún alágbẹ̀dẹ.”

Wọ́n mi orí. Wọn kò sunkún. Wọ́n fi ọwọ́ kan ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà, níbi tí àtẹ́lẹwọ́ Ọ̀gá máa ń wà, ìdógùn-ún sì lẹ̀ mọ́ wọn níka.

“Tú u, Súlè. Tú gbogbo rẹ̀.”

Èmi nìkan ló kù nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ tó wà nílùú. Mo tú kẹ̀kẹ́ ọ̀gá mi palẹ̀, mo fọ èyí tó ṣeé fọ̀, mo tò wọ́n sórí àpò sìmẹ́ńtì. Kò sí èyí tí mo lè tò padà. Ọlọ́mọlanke kó wọn lọ, kò pariwo, kò polówó títí ó fi kúrò ládùúgbò.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n kírun òkú fún Ọ̀gá ní mọ́sáláṣí, láìsí òkú níwájú wa. Ìyá Rábì wá sọ fún Alfa pé àwọn fẹ́ ṣe opó. Alfa ní ẹ̀sìn kò fi dandan lé wọn mọ́ lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí. Ìyá ní àwọn kò béèrè bóyá ó jẹ́ dandan.

Mo lọ kí wọn. Wọ́n jókòó sórí ẹní nínú yàrá, láìsí ohun ọ̀ṣọ́ kankan lára wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

“Ìyá, ẹ kú aráfẹ́rakù. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.”

“Àmín,” ni wọ́n wí. Ìgbà yìí ni omi bọ́ lójú wọn. “O ṣé, ọmọ mi. Láti ọjọ́ tí a kò ti rí Bàbá Rábì mọ́, ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó kí mi kú aráfẹ́rakù.”